Láti Ojú Àwo dé Inú Fáìlì: Ìtàn Ìtọ́jú Orin Yorùbá Tí A Gbà Sílẹ̀

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá tí a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí. Bí bàbá àgbà bá ti papò dà, àwọn ọmọ a kó àwọn àwo orin rẹ̀ jáde, wọn a tà wọ́n fún àwọn tí ń ra àlòkù, tàbí kí wọ́n kó wọn dà sórí ààtàn. Àwíjàre wọn ni pé kò sí ohun tí ó wà lára àwọn àwo náà tí kò sí lórí fóònù. Nígbà mìíràn òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n dà nù kò sí níbòmíràn, tàbí kí ó wà ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ohun tí ó jẹ́ mọ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ orin Yorùbá tí a gbà sílẹ̀, láti ojú àwo àtijọ́ títí dé inú fáìlì kọ̀ǹpútà, kí a lè mọ ohun tí ó bá orin náà dé ibi tí ó dé, àti ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti àwọn aláfẹ́ nìkan ni èyí. Àwo orin wà lára ẹ̀rí tí ó pẹ́ jù lọ tí a ní nípa bí èdè Yorùbá ṣe ń dún lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Ìwé lè fi bí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ hàn wá. Kò lè jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí orin kíkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti mú kí òkìkí rẹ̀ kàn nílẹ̀ Ẹ̀gbá, wà ní ìlú Lọ́ńdọ́nù. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Zonophone ti gba orin ìyìn lédè Yorùbá tí ó lé ní ogójì sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá yìí ni ó bí bàbá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ọdún 1855 ni a bí i, ọdún méjìlá péré lẹ́yìn tí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ó kú ní 1930. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ àwọn orin wọ̀nyí lónìí, ohùn ẹni tí ó kọ́ èdè rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ó ń gbọ́. Olùkọ́ èdè wo ni kò ní fẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Oje kan tí kòkòrò ń sun sára igi nílẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà náà, wọn a pò ó mọ́ lúbúlúbú òkúta. Àwo náà wúwo, ó ń fọ́ bí agbada amọ̀, ó sì ń yí bíi ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ojú kan àwo tí ó wọ́pọ̀ jù kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún orin wa. Onísákárà tí ó lè fi odindi òru ki àwọn àlejò ní òde ìkómọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni a fún un kí ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní láti já ìbà kúrú, kí ó já oríkì kúrú, kí ó sì mọ ibi tí yóò parí sí kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín. Bí a bá wá ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pé bí orin Yorùbá ìgbà 1930 ti ṣe rí nìyẹn, a ní láti rántí pé bí àwo ti ṣe rí ni à ń sọ. Orin tí ó wà lóde gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe orílẹ̀ ibí nìkan ni a ti gba Yorùbá sílẹ̀ lójú àwo. Nígbà tí Lorenzo Dow Turner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1940 sí 1941, ó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tí ń gé ohùn sójú àwo lọ́wọ́. Lára àwọn tí ó gba ohùn wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, àgbàlagbà babaláwo tí ó ti gbé Èkó ní ìgbà èwe rẹ̀. Ọdún 1943 ni bàbá náà kú. Ilé ìpamọ́ orin ìbílẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ni àwọn àwo Turner wà. Àwọn tí ó fẹ́ mọ bí Yorùbá ti rí lẹ́nu àwọn tí ó ti Èkó padà sí Bàhíà kò ní ibòmíràn tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti lọ.

Àmọ́ o, a lè lo àwọn àwo wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ nítorí pé a mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Turner kọ orúkọ sílẹ̀, ó kọ ibi àti ìgbà. Lára àwo Zonophone, tàbí ti HMV, Odeon, Parlophone àti Decca tí wọ́n tẹ̀ lé e, bébà roboto kan wà láàrin tí a tẹ orúkọ olórin àti àkọlé orin sí. Nọ́ńbà sì wà tí a tẹ̀ mọ́ ara àwo fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà, tí kò lè ya bí bébà bá tilẹ̀ ya. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn tí ń ṣèwádìí fi ń mọ ọdún àti ìgbà tí a gba orin kan sílẹ̀, bí àwo méjì bá tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kan náà yìí kì í ṣe àwàdà. Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe orin kan fún Ọba Adébóyè, Orímọlúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, ní 1948 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ HMV. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún un ṣe, èyí sì ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá káàkiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àpàlà ní láti mọ èyí tí ó ń gbọ́ nínú méjèèjì, nítorí pé ọ̀kan jẹ́ orin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, èkejì sì jẹ́ orin arò. Bí àwo bá wà lọ́wọ́, ìṣòro kò sí. Bí ó bá jẹ́ fáìlì tí a kọ orúkọ Hárúnà àti orúkọ ọba nìkan sí, a ti wọ inú òkùnkùn.

Àwo ńlá àti ojú méjì rẹ̀

Ní 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá tí a fi ike ṣe jáde, èyí tí ń yí ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta láàrin ìṣẹ́jú kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé àwo kékeré ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 1970 sí 1980, àwo ńlá ti di ọba. Ìgbà yìí ni àwọn olórin wa fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró dá Star Records sílẹ̀ ní 1969. Hárúnà tún kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Ní Ìbàdàn, akéwì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀, ewì sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde lójú àwo bí orin ti ń jáde.

Ojú kan àwo ńlá lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún sí ogún. Àwọn onílù wa rí ààyè yìí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Dípò kí wọ́n gé e sí orin márùn-ún tàbí mẹ́fà bí àwọn Òyìnbó ti ń ṣe, wọ́n sọ odindi ojú kan di orin kan tí kò já. Wọ́n a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbà, wọn a bọ́ sínú oríkì ẹni kan, ìlù a yí padà, wọn a bọ́ sí ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé òpin. Ó sún mọ́ bí orin ti ń rí lóde gan-an. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Sunny Adé tí a ń pè ní Juju Music jáde fún àwọn ará òkè òkun ní 1982, orin méje ni wọ́n pín in sí. Èyí fi hàn pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé etí tí ń bẹ lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí etí tí ń bẹ nílé.

Bébà àárín àwo ńlá tún ní iṣẹ́ mìíràn tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nítorí pé orin púpọ̀ ni ó so mọ́ra lójú kan, wọ́n sábà máa ń to àkọlé wọn sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ nínú àkọlé wọ̀nyí ni ó sì jẹ́ orúkọ ènìyàn: oníṣòwò, ọba, awakọ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ìlú kan. Oroki Social Club tí Hárúnà fi orúkọ rẹ̀ pe àwo 1971, ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni. Bí a bá kó irú bébà bẹ́ẹ̀ jọ láti orí àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì, a ó rí i pé ìwé orúkọ àwọn tí ó rí jájẹ ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin ogún ọdún ni, irú èyí tí ìjọba kankan kò kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn àpò páálí, nígbà mìíràn, a tún máa ń rí orúkọ àwọn onílù àti àwòrán wọn. Ẹni tí ó lu ìyáàlù kì í sábà ní ibòmíràn tí a ti kọ orúkọ rẹ̀.

Ti kásẹ́ẹ̀tì kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ Philips ni ó gbé e jáde ní 1963. Ní ilẹ̀ wa, lẹ́yìn ètò ìṣúnná SAP tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí owó ilẹ̀ òkèèrè di ọ̀wọ́n gógó, ó ṣòro láti ra ike tí a fi ń tẹ àwo, kásẹ́ẹ̀tì sì gba ipò rẹ̀. Ó rọrùn, ó sì mú kí fújì wọ inú gbogbo mọ́tò. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní àṣà kan tí fáìlì jogún: kí a da orin kọ láìda ìwé tí ó bá a wá kọ. Ẹni tí ó gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ a fi bírò kọ orúkọ olórin sí i lára, ó ti tán nìyẹn.

Bí orin ṣe di nọ́ńbà

Ní 1982 ni Philips àti Sony gbé sìídì jáde. Lójú sìídì, kò sí ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ mọ́; nọ́ńbà ni ohùn dà. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ a wọn ohùn ní ìgbà 44,100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú kan orin ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10 àti ààbọ̀. Èyí pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen ní Jámánì, tí Karlheinz Brandenburg wà lára wọn, ṣe wá ọ̀nà tí orin yóò fi kéré. Ní oṣù keje 1995 ni wọ́n fi ẹnu kò lórí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí báyìí, MP3.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ wu ni. Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń dún. Bí ohùn ńlá kan bá dún, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ a sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. MP3 a wá ohun tí ó bá ti sá pamọ́ báyìí, a sì jù ú nù. Bí a bá lo ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń pè ní 128, ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan péré. Ìdá mọ́kànlá ni ó ti di. Sìídì kan tí a bá kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí lè gba orin wákàtí méjìlá, èyí tí ó tó àwo ńlá méjìdínlógún. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò ọjà Alábà fi ń kó iṣẹ́ ìgbésí ayé olórin kan sórí sìídì kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yá, sìídì gan-an di ẹrù, àwọn tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ̀nà sì ń kó orin sórí káàdì kékeré inú fóònù fún ẹni tí ó bá sanwó.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé MP3 yóò ba ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín èdè wa jẹ́. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rù yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohùn tí dùndún ń fọ̀ àti èyí tí olórin ń gbé jáde kò yí padà débi tí a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó máa ń jìyà ni ìró tí ń já lójijì, tí ó sì ń mú: ẹnu agogo, ìdún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́. Nínú fáìlì tí a fún pọ̀ jù, ìró wọ̀nyí a máa tàn kálẹ̀ kí àkókò wọn tó tó. Ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìlù lè kọminú sí èyí. Ṣùgbọ́n àdánù tí ó tóbi jù kò sí nínú ohùn rárá. Inú orúkọ ni ó wà.

Àmì-ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n

Nígbà tí MP3 jáde, kò ní ibi tí a lè kọ orúkọ orin sí. Ní 1996, Eric Kemp ronú ọ̀nà kan: kí a lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ìdí fáìlì. Wọ́n pe ìwé náà ní ID3. Gbogbo rẹ̀ kò ju ààyè àmì-ọ̀rọ̀ 128 lọ. Ọgbọ̀n ni ti àkọlé orin, ọgbọ̀n ni ti olórin, ọgbọ̀n ni ti orúkọ àwo, mẹ́rin ni ti ọdún, ọgbọ̀n ni ti àlàyé. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bí ènìyàn bá kọ “Alhaji Haruna Ishola and His Apala Group” sí ààyè olórin, bí àwọn àwo ti ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà A àkọ́kọ́ nínú “Apala” ni ọgbọ̀n pé sí. Níbo ni a ó wá kọ orúkọ ènìyàn méje tí a kì lójú kan àwo sí? Ẹni tí ó ṣe fáìlì a kọ àkọlé àkọ́kọ́ nìkan, tàbí kí ó kọ “Side 1”. Àwọn mẹ́fà yòókù ti ṣègbé nìyẹn, bí ohùn tí ó kì wọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀ digbí.

Ààyè kan tún wà fún irú orin, níbi tí a ti ní láti mú nọ́ńbà kan nínú ọgọ́rin tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Polka wà níbẹ̀. Àpàlà kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí jùjú, kò sí sákárà, kò sí wákà. Ohun tí a lè mú nínú ohun tí wọ́n tò ni “Ethnic” tàbí “Tribal”, ẹ̀gàn sì wà nínú ìyẹn.

Àwọn lẹ́tà tí ìwé kékeré yìí sábà ń lò kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá dáadáa kò rọ́nà. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti òkò di ọ̀kan ṣoṣo. Kí a sọ tòótọ́, àwọn tí ó ń tẹ bébà àárín àwo kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n ń kọ, wọn kì í sì í fi àmì ohùn sí i. Ṣùgbọ́n bébà ní ààyè fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ìwé 1996 yìí kò sì ní. Láti 1998 ni ID3 tuntun ti fàyè gba gbogbo lẹ́tà ayé, tí gígùn kò sì jẹ́ ìṣòro mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, àwa ni a kò wọlé. Àwọn fáìlì tí a ti ṣe láti ìgbà náà ni wọ́n ń dà kọ káàkiri títí di òní, àṣìṣe kan náà lára wọn.

Ohun tí a sọ yìí mú ìyàtọ̀ kan jáde tí a fẹ́ kí ó yé wa yékéyéké. Dída orin kọ sínú fáìlì dára, a kò rí ẹni tí ó lè ta kò ó. Fífi fáìlì rọ́pò àwo ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó da ìwé kan kọ tí kò kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé sílẹ̀, tí ó wá dáná sun ìwé náà, kò tíì tọ́jú ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́.

Fáìlì náà ń kú

Àwọn kan yóò sọ pé àwo ń fọ́, iná ń jó o, eku ń jẹ àpò rẹ̀, nígbà tí fáìlì wà títí láé. Apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Ní oṣù kẹfà 2008, iná jó ibi ìkóhun-pamọ́-sí kan ní Universal Studios ní Hollywood, ọ̀pọ̀lọpọ̀ téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn olórin Amẹ́ríkà sì jóná. Ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn New York Times tó tú bí àdánù náà ti pọ̀ tó síta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 yìí kan náà ni Myspace kéde pé àwọn orin tí àwọn ènìyàn ti kó sọ́dọ̀ wọn láti 2003 sí 2015 ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Iye tí a fojú dá ni pé orin náà lé ní mílíọ̀nù 50. Kò sí iná, kò sí ẹ̀kún omi. Nǹkan bíi 490,000 péré ni wọ́n rí gbà padà, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti da wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí.

Ti àwọn tí kò tilẹ̀ ní fáìlì mọ́ tún yàtọ̀. Láti ìgbà tí Spotify ti dé Nàìjíríà ní 2021, tí àwọn mìíràn sì ti wà ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ orin tí kò sí lọ́wọ́ wọn rárá. Yíyá ni wọ́n yá a. Bí àdéhùn láàrin ilé-iṣẹ́ méjì bá dópin, orin náà a kúrò níbẹ̀ láìdágbére. Kí ni olùkọ́ tí ó ti fi í sínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ṣe?

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni àwo wa pàápàá ti yí orúkọ padà, wọ́n ti pàwọ̀dà. Decca di Afrodisia, EMI di Ivory Music, ti Philips di Polygram kí ó tó di Premier. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń pa ọwọ́ dà báyìí, àwo tí ó wà nínú yàrá ẹnìkan ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ṣakí lè jẹ́ èyí tí ó sàn jù tí ó kù láyé.

Bí a ṣe lè ṣe é

Kí a má bàa rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gínì, níbi tí ìjọba ti ní ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Syliphone, láti àwọn ọdún 1960. Láàrin 2008 sí 2013, Graeme Counsel, ọmọ Ọsirélíà, lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Conakry pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti Lọ́ńdọ́nù, ó sì da orin 9,410 kọ sínú fáìlì láti ara téèpù tí ó ti ń bàjẹ́. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ yìí wúlò ni pé ó to orúkọ olórin, ọjọ́ àti ibi sílẹ̀ fún wọn, téèpù sì wà níbi tí ó wà. Nílé níbí, Fẹ́mi Èṣó àti ilé-iṣẹ́ Evergreen rẹ̀ ní Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó orin àtijọ́ jọ, wọ́n sì tún un gbé jáde lórí sìídì. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ náà ní tiwa.

Àwo olóje àtijọ́ kò gbọdọ̀ kan ọtí líle rárá nígbà tí a bá ń nù ún, nítorí pé ọtí ń yọ́ oje náà. Omi díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ tó. Abẹ́rẹ́ àwo ńlá kéré jù fún ipa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Kí a má gbà pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń yí ìgbà 78 gẹ́lẹ́, torí àwọn mìíràn yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì falẹ̀, olórin yóò sì dún bí ọmọdé tàbí bí arúgbó bí a bá ṣì í yí. Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, IASA, fẹ́ kí a fi gbà á sílẹ̀ ju ti sìídì lọ, MP3 kọ́ sì ni. Ìṣẹ́jú kan yóò gba bíi mẹ́gábáìtì 35. Èyí kì í ṣe ẹrù mọ́ lóde òní; ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré kan tí ó bọ́ sínú àpò lè gba àwo ńlá tí ó lé ní 700. Lẹ́yìn èyí ni a lè wá ṣe MP3 tí àwọn ọmọ yóò gbé sórí fóònù. Kí a ya àwòrán bébà àárín àwo ní ojú méjèèjì, kí a ya àpò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí a sì ya nọ́ńbà tí ó wà lára ike náà.

Ní ti òfin, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2022 fún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí a gbé e jáde. Àwo 1971 ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin náà fúnra rẹ̀ wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983, nítorí náà ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ títí di òpin 2053. Kí a fi orin kọ́ni nínú kíláàsì yàtọ̀ sí kí a máa tà á.

Apá kan iṣẹ́ yìí wà tí kò lè dúró de ẹ̀rọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí a kì í lójú àwo ní 1971 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, bí ó bá wà láyé. Àwọn ni ó mọ ẹni tí orúkọ kan lójú bébà jẹ́, àdúgbò tí ó gbé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ìdí tí olórin fi pe ọkọ̀ rẹ̀ ní orúkọ tí ó pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé fóònù lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá àgbà ní ìsinmi, tí ó fi àwòrán bébà hàn wọ́n, tí ó sì yí orin náà fún wọn, lè kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìdárayá olójú-ìwé ogójì lásán. Kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ó sì kọ nọ́ńbà àwo náà sókè ojú ìwé.